Òkun Tí Ọlálẹ́yẹ Kà Mọ́ Ìlú

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì wọ ọkọ̀ yín. Òtítọ́ yìí gbọ́dọ̀ jáde lónìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò pa mí."

Ọlálẹ́yẹ ló ń sọ̀rọ̀ lágbàlá ilé olóògbé, lójú àwọn tó wá sin Àǹtí Jọọlá, àbúrò ìyá rẹ̀, tí ooru pa.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fi àwòrán sátẹ́láìtì wọn ooru ìlú. Ìgbà àkọ́kọ́ tó rí ìlú wọn lẹ́bàá Awoye láti ojú sánmà, ó yanu, kò lè pa á dé: òrùlé páànù pọ́n bí ẹyin iná, òkun tutù rinrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ojú wo ló jìnnà tó bẹ́ẹ̀, tó ṣì ń mọ ilé tó gbóná? Ọlọ́run mà tóbi o! Àfi ọmọ aráyé ló lè fi irú ojú bẹ́ẹ̀ purọ́.

"Àjọ kan fẹ́ fi òrùlé tí kì í gba ooru bo àwọn ìlú tó bá gbóná jù," ó ní. "Ibi tí ilé wà nìkan ló yẹ kí n wọ̀n. Ṣùgbọ́n ààlà inú máàpù àtijọ́ ni mo lò, ti ìgbà tí òkun kò tíì gbé àdúgbò ìyá mi. Kọ̀ǹpútà pa ooru òrùlé pọ̀ mọ́ ìtutù omi, ó pín in, ìlú wa sì di ìlú tútù. Òrùlé tó yẹ kó jẹ́ tiwa gba ibòmíràn lọ. Fadékẹ́mi tí a jọ ń ṣiṣẹ́ rí i. Ó ní, 'Lálẹ́yẹ, gé òkun yẹn kúrò.' Mo fẹ́ gé e, mo rí ibi tí ìyá mi ti máa ń yan ẹja, ọwọ́ mi kọ̀. Ó dà bí ẹni pé èmi gan-an ni mo fẹ́ fà wá lé òkun lọ́wọ́. Mo parọ́ fún un pé mo ti gé e. Ẹ wo òmùgọ̀! Ilẹ̀ tó ti lọ ni mò ń ṣọ́."

Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

"Èyí tó burú jù nìyí. Àǹtí Jọọlá pè mí lórí fóònù: 'Ọma mi, ooru ilé yìí fẹ́ pa mí.' Ojú tì mí láti sọ òtítọ́. Mo ní, 'Ẹ̀rọ ojú sánmà ní ìlú wa tutù, Àǹtí.' Ẹ̀yin èèyàn mi, ó gbà mí gbọ́! Ó ní bí ẹ̀rọ bá ti sọ bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ibà ni. Ó lo oògùn ibà, ó ti fèrèsé, ó faṣọ bora lábẹ́ páànù. Bẹ́ẹ̀ ni Mabel ọmọ rẹ̀ ṣe bá òkú rẹ̀."

Igbe ta. Ọlálẹ́yẹ kúnlẹ̀.

"Mo ti gé òkun náà kúrò báyìí. Mo ti kọ̀wé sí àjọ náà, mo forúkọ mi sí i. Mabel, mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí."

 Mabel ṣí ilẹ̀kùn yàrá ìyá rẹ̀, ooru ọ̀sán sì tú jáde.

"Bọ̀dá Ọlálẹ́yẹ," ó ní, "ẹ wọlé, ẹ jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Ẹ̀yin ni kí ẹ wá sọ fún mi bóyá ibà ni."