Òróró Tí Mo Fún Ìbùkún Mu Láàárọ̀ Iṣẹ́ Abẹ

Ẹ̀yin ará, ẹ kọ́kọ́ bá mi fi ọpẹ́ fún Ọlọ́run, torí ẹ̀rí ni mo wá jẹ́ níwájú ìjọ lónìí. Ìyá Ìbùkún ni mí, èmi tí mo ń ránṣọ ní Mowe. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá pa á mọ́ra, ògo Ọlọ́run ni mo jí yẹn.

Ẹ mọ Ìbùkún mi, ọmọ ọdún márùn-ún. Tó bá sùn, gbogbo ará ilé tá a jọ háyà yàrá ló máa ń gbọ́ bó ṣe ń hanrun. Nígbà mìíràn, èémí á dúró pátápátá, àfi kí n jí i. Dókítà ní ẹran kan ló hù sí ẹ̀yìn imú rẹ̀ tó dí ọ̀nà èémí, iṣẹ́ abẹ ni yóò gbà. Háà! Ọ̀bẹ lọ́fun ọmọ mi? Odidi oṣù mẹ́ta ni mi ò fi yọjú sí ọsibítù mọ́. Bàbá ẹ̀, tó ń ṣe iṣẹ́ wẹ́dà n'Ibafo, ló bi mí pé, "Ìyá Ìbùkún, ṣé àdúrà lo ń gbà ni àbí o kàn ń sá?" Ó dùn mí, torí òótọ́ ni.

A bá gba déètì. Nọ́ọ̀sì kìlọ̀ pé ohunkóhun ò gbọdọ̀ kan ẹnu ọmọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo gbọ́. Àmọ́ ká tó kúrò nílé, mo gbé òróró àdúrà mi, mo sì fún ọmọ mu, ìdérí ìgò mẹ́ta: ní orúkọ Baba, ní ti Ọmọ, ní ti Ẹ̀mí Mímọ́. Ẹ̀yin ará, ṣé àwa máa ń ka òróró àdúrà sí oúnjẹ ni? Nígbà tí nọ́ọ̀sì bi mí bóyá ó ti jẹ nǹkan, tọkàntọkàn ni mo fi dáhùn, "Rárá o, mà."

Wọ́n gbé e wọ tíátà. Mo kúnlẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ní, "Olúwa, òróró tó mu yẹn, jẹ́ kó ṣiṣẹ́ nínú ikùn rẹ̀." Ẹnu mi ló sọ ọ́, etí mi ló gbọ́ ọ. Nínú ikùn rẹ̀! Mo fò dìde, mo ń fọwọ́ méjèèjì gbá ilẹ̀kùn: "Ẹ dúró! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró! Mo fún un ní òróró mu!"

Nọ́ọ̀sì yọrí jáde. "Òróró kẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ dín in ni, mọ́mì?"

Dókítà ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó ní díẹ̀ ló kù kí àwọn fún un ní oògùn oorun. Ká ní ó ti sùn ni, òróró yẹn lè gòkè wá kó sì bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀dọ̀fóró ọmọ mi! Èmi tí mo bí i! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Wọ́n sún un di ọjọ́ kejì. Lọ́tẹ̀ yìí, iwájú orí rẹ̀ ni mo fi òróró pa. Nọ́ọ̀sì kan náà wò mí, ó ní, "Ibẹ̀ yẹn ò léwu. Ẹ fi díẹ̀ pa èmi náà lórí." Ẹ̀rín pa mí. Mo fi ọmọ lé wọn lọ́wọ́, ọkàn mi sì balẹ̀, torí mo ti rí i pé Ọlọ́run tí mò ń ké pè lóde wà nínú tíátà pẹ̀lú wọn. Wọ́n ṣe é, ó yọrí sí rere.

Ẹ wá gbọ́ èyí o. Lọ́sàn-án ọjọ́ tá a padà dé Mowe, Ìbùkún sùn. Mò ń ránṣọ lọ, ni mo bá ṣàkíyèsí pé yàrá dákẹ́. Mi ò gbọ́ nǹkan kan! Mo figbe ta: "Jésù! Ẹ gbà mí o!" Ará ilé rọ́ wọlé. Ọmọ lajú, ó fajú ro sí mi: "Mọ́mì, mò ń sùn!"

Oorun ni, ẹ̀yin ará! Èémí ń wọlé, èémí ń jáde, kò sí ariwo. Látọjọ́ tí mo ti bí i, mi ò mọ bí oorun ọmọ mi ṣe máa ń rí. Kí ẹni tó bá lẹ́sẹ̀ dìde, ẹ bá mi jó. Ọlọ́run tó jẹ́ kí n gbọ́ àdúrà ẹnu ara mi, Òun nìkan ló ni gbogbo ògo!