Nítorí Abẹ, Mo Di Ọmọ Òkú Ẹni Ẹlẹ́ni

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹjọ́ mi ti parí. Adájọ́ ti ka ìwé rẹ̀ tán, ọdún méjì gbáko ló ní kí n fi ṣẹ̀wọ̀n. Àwa mẹ́rìnlá la wà nínú yàrá kan. Ẹni tó ń sùn lápá ọ̀tún mi jí màlúù, ẹni tó ń sùn lápá òsì mi fi igi lu àna rẹ̀. Ọjọ́ tí mo wọlé, wọ́n bi mí pé kí ni mo ṣe. Mo ní mo bá òkú ẹni ẹlẹ́ni tan ni. Ajímàlúù sún ẹní rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ọmọ Kpankou ni mí. Bàbá mi ń dáko àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ níbẹ̀. Nínú àpótí rẹ̀ ni abẹ kan wà tí bàbá tirẹ̀ fi ń fá irùngbọ̀n, irú abẹ àtijọ́ tí ń ká wọ inú èèkù. Ìwo ẹfọ̀n ni wọ́n fi ṣe èèkù náà, wọ́n sì fín ẹyẹ kékeré kan sí i lára. Ẹyẹ yẹn ló bà mí jẹ́. Mo mú abẹ náà pé kí n kàn wò ó di ìrọ̀lẹ́. Ìrọ̀lẹ́ dé, ó lọ, abẹ ṣì wà lápò mi.

"Ta ló mú abẹ bàbá mi?" ni bàbá mi bèèrè.

"Bóyá èkúté ni, Bàbá."

Ó wò mí títí. "Èkúté fẹ́ fá irùngbọ̀n?"

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rín. Ká ní mo jẹ́wọ́ níjọ́ náà, ìgbájú méjì péré ni n bá jẹ, ọ̀rọ̀ ì bá sì tán.

Nígbà tí mo di ọlọ́kadà, zẹ́mìjàn tí ń gbé èrò, ọ̀nà oko Idigny ni mo ń ná. Kò sí ilé tí mo wọ̀ tí ojú mi kò wá abẹ. Bí mo bá rí ọ̀kan, n ó ní kí onílé má sanwó ọkọ̀ mọ́, kó gbé abẹ wá. Àwọn tí bàbá wọn bá Faransé lọ sógun ló ní àwọn tó dára jù. Èèkù ọ̀kan ń dán bí inú ìkarahun. Òmíràn ní obìnrin kan tí kò wọṣọ lára, ìyàwó onílé fúnra rẹ̀ ló sáré gbé e fún mi. Mo ní méje. N kò fi ọ̀kankan fá nǹkan rí, kí ojú wọn má baà kú. Irùngbọ̀n mi hù bí ẹ̀kan, àwọn èrò ẹ̀yìn mi ń kùn pé atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ sí wọn lójú.

Ṣùgbọ́n èyí tó gba oorun lójú mi wà ní Okpomèta, lọ́wọ́ bàbá onígbàjámọ̀ kan tí ń jẹ́ Àkànbí. Eyín erin ni èèkù rẹ̀. Ọ̀nì kan nà gbalaja lára rẹ̀, ó gbé ẹja sẹ́nu, o lè ka ìpẹ́ ẹja náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bẹ̀ ẹ́ fún ọdún mẹ́ta. Mo gbé ewúrẹ́ lọ, ó dá ewúrẹ́ padà.

"Ẹ̀jẹ̀ mi nìkan ni yóò jogún abẹ yìí," ló wí. "Bí o bá fẹ́ ẹ, lọ di ọmọ mi."

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni bàbá náà kú. Mo lọ kí wọn kú ọ̀fọ̀. Ọmọbìnrin márùn-ún ló fi sílẹ̀, kò lọ́mọkùnrin. Àbúrò rẹ̀, Bàbá Látóyè, tó di olórí ẹbí, dìde láàárín wa. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun tó dákẹ́, olóògbé sọ pé nígbà tí òun ń gbé àpò abẹ kiri ọjà, òun bí ọmọkùnrin kan sí ìhà Kpankou, àmọ́ ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kó mọ òun. Ọmọ yẹn ló ni abẹ.

"A ó tọ́jú rẹ̀ títí ọmọ náà yóò fi dé," ni Bàbá Látóyè wí.

Ẹnu mi là. "Mo ti dé," ni mo wí.

Àwọn àgbà ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa bàbá ẹni. Èmi, kí ọwọ́ mi lè tẹ èèkù abẹ ni mo ṣe lọ wá bàbá tó ti kú.

"Ta ni ìyá rẹ?"

Mo dárúkọ ìyá mi. Mo ní ó ń ta ọtí sódábì lọ́jà Kpankou nígbà náà, òun ló sọ àṣírí ọ̀rọ̀ náà fún mi. Ìyá mi kò ta ọtí rí. Bó bá gbóòórùn ọtí lára ènìyàn, ó máa ń fi gèlè bo imú. Ojú ṣì ń tì mí bí mo ti ń kọ ọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ mi gan-an nìyí, ó ju abẹ lọ.

"Ẹ wo etí rẹ̀!" ni àkọ́bí obìnrin olóògbé ké. "Etí Bàbá nìyí!" Àwọn yòókù dì mọ́ mi, wọ́n ń fa etí mi, wọ́n ń sunkún. Èmi náà fọwọ́ kan etí mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì.

Mo rò pé wọn yóò fún mi lábẹ kí n gun alùpùpù mi lọ. Wọ́n mú mi jókòó lórí ẹní ni. Èmi ni arólé, n kò gbọdọ̀ gun ọkọ̀, n kò gbọdọ̀ wẹ̀. Owó àgbò òkú di tèmi. Àtúnṣe àjà tó ń jò di tèmi. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi márààrún tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ń ro ẹjọ́ ọkọ wọn, wọ́n ní ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ti ń wá ọkùnrin tí yóò bá àwọn pàdé wọn. Lọ́jọ́ kẹjọ ni wọn yóò fi abẹ náà fá orí mi, kí wọ́n tó fà á lé mi lọ́wọ́.

Àwọn zẹ́mìjàn ẹgbẹ́ mi gbọ́ pé bàbá mi kú. Wọ́n dára, wọ́n kó iṣu jọ, ọkọ̀ mẹ́fà gbéra lọ sí Kpankou láti kí ìyá mi tó di opó. Wọ́n bá òkú níwájú ilé níbi tó ti ń bó àgbàdo.

"Ẹ káàbọ̀ o," ni òkú wí. "Ta ló kú?" Nígbà tí wọ́n wádìí, ohun tí mo sọ ní Okpomèta dé etí òun àti ìyá mi.

Ọjọ́ kẹjọ pé. Bàbá Látóyè ti fá apá ọ̀tún orí mi tán nígbà tí mo gbọ́ ìró alùpùpù. Bàbá mi sọ̀ kalẹ̀, ó gbé iṣu méjì dání, ó dọ̀bálẹ̀ kí àwọn àgbà.

"Ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Wọ́n ní bàbá ọmọ mi ló kú, mo ní kí n wá bá a kẹ́dùn."

Bàbá Látóyè gbé abẹ sókè. "Ta ni yín, Bàbá?"

"Èmi ni mo rò pé mo bí i."

Ó wá yíjú sí mi. Kò bínú, ìyẹn ló burú jù. "Ìyá rẹ ní kí n bi ọ́, ọjọ́ ọjà wo ni òun ta sódábì?"

Ká ní mo dọ̀bálẹ̀, bóyá ẹbí méjèèjì ì bá bú mi, kí wọ́n sì tú mi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nì náà ń wò mí láti ọwọ́ Bàbá Látóyè. Mo já abẹ gbà, ojú rẹ̀ sì la àtàǹpàkò bàbá náà. Mo sá gba inú oko ẹ̀gẹ́, ìdajì orí mi ń dán lójú oòrùn, ìdajì kún fún irun. Ta ni wọn yóò tún bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó mọ ibi tí mo gbà? Wọ́n mú mi kí n tó dé títì. Mo bẹ àwọn ọlọ́pàá pé kí wọ́n fá èyí tó kù kí wọ́n tó ya fọ́tò mi. Wọ́n ní abẹ kì í wọ àgọ́ àwọn, abẹ Àkànbí sì nìyẹn lórí tábìlì wọn, pẹ̀lú méje tí wọ́n kó nílé mi. Abẹ Àkànbí ti padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀. Àtàǹpàkò Bàbá Látóyè ti jinná, mo dúpẹ́.

Ìyá mi kò tíì wá wò mí. Bàbá mi ń wá lọ́jọ́ Ẹtì gbogbo pẹ̀lú gààrí. Bí wọ́n bá bi í lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ọmọ òrukàn ni, bàbá rẹ̀ kú ní Okpomèta. Sàárà ni mo ń ṣe." Bí mo bá pè é ní Bàbá, á ní kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún olóògbé. Mo ń jẹ gààrí náà pẹ̀lú omijé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀ṣọ́ tuntun ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ẹbí nìkan ló lè wọlé báyìí, ó ṣí ìwé ńlá kan. Mo ń gbálẹ̀ nítòsí, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ jẹ́ sí i?"

Bàbá mi wo gààrí, ó wò mí láàárín irin, ó tún wo gààrí.

"Bàbá rẹ̀ ni mí," ló wí. "Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, kọ ọ́ kékeré."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ohun olóhun bá wọ̀ yín lójú, ẹ bẹ̀ ẹ́. Bí kò bá fún yín, ẹ gba ilé bàbá yín lọ, kó tó di pé ẹ̀ṣọ́ ẹ̀wọ̀n ni yóò bi í bóyá òun ló bí yín. Tèmi gbà kí wọ́n kọ òun kékeré. Tiyín lè má gbà.