Èmi Ni Mo Sọ Ọjọ́ Tí Alájì Máa Wá

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. Ọkọ mi pàápàá ò mọ̀. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ọkùnrin kan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ wà ní àtìmọ́lé, èmi ni mo sì fẹnu mi tì í síbẹ̀.

Ẹja ni mò ń tà l'Ọ́jà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́. Oníbàárà mi ni Alájì tí wọ́n pa. Ó máa ń yá àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá lówó, Ìkòròdú ló kọ́lé aláràbarà sí. Ṣùgbọ́n ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, inú ọjà yìí ni ìyá rẹ̀ ti ta ẹja títí ó fi kú. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í kó ọlọ́pàá wá sọ́dọ̀ wa. Ó ní òun ò lè kó ìbọn wá síwájú àwọn tó pọn òun. Òun àti Ráṣídì, awakọ̀ rẹ̀, nìkan ló máa ń wá. Á kọ́kọ́ pè mí lórí fóònù kí n ya ẹja sọ́tọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ òun àti ìyàwó rẹ̀ wà ní kóòtù nígbà yẹn, wọn ò rí ara wọn sójú mọ́. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó yìí pè mí, ó ń sunkún.

"Màmá, mo fẹ́ kúnlẹ̀ bẹ Alájì lójú ẹ̀yin ìyá ọjà. Kò ní lè kọ̀ sí yín lẹ́nu. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n mọ ọjọ́ tó ń bọ̀."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Àwa àgbà obìnrin ọjà ti parí ìjà tọkọtaya tó pọ̀. Orí mi wú. Mo ti ń rí ara mi bí ìyá tó tún ilé Alájì ṣe. Mo sọ fún un pé ọjọ́ Ẹtì ni. Mo tún sọ ọ̀nà tí wọ́n máa ń gbà, ẹnu mi ò sinmi.

Ìyàwó náà ò wá. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì náà, àwọn kan dá ọkọ̀ Alájì dúró lójú ọ̀nà, wọ́n yìnbọn pa á. Ráṣídì ò fara pa.

Ìyẹn, mo lè ní àìmọ̀ ni. Èyí tó tẹ̀ lé e, mo mọ̀ ọ́n ṣe. Ọlọ́pàá bi mí léèrè ẹni tó mọ̀ pé Alájì ń bọ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, "Mi ò sọ fún ẹnì kankan o. Èmi àti dírẹ́bà ẹ̀ nìkan la mọ̀." Wọ́n mú Ráṣídì lọ lọ́jọ́ náà.

Láti ìgbà yẹn, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni ìyàwó Alájì ń pè mí. Kò ju, "Màmá, ẹ kú ọjà o. Àwọn ọmọ ńkọ́?" Lẹ́yìn náà á dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò sọ orúkọ ọmọ mi fún un rí. 

Lánàá, ìyàwó Ráṣídì pọn ọmọ wá láti Agric, ní Ìkòròdú. Ìwó ni wọ́n ti wá, wọn ò lẹ́nì kankan ní Èkó. Ó bá mi ha ìpẹ́ ẹja tán kó tó lè sọ ohun tó bá wá.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé kóòtù lọ́jọ́ Ajé. Ẹ̀yin lẹ mọ ìwà ọkọ mi."

Mo ní màá lọ. Ó dúpẹ́ títí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ohun tó yẹ kí n sọ ní kóòtù, mo mọ̀ ọ́n. Ibo ni kí n kó àwọn ọmọ mi lọ kí n tó sọ ọ́?