Àwọn Ẹyẹ Tí Mo Mọ Ògiri Mọ́ Ní Ilé Gogoro

Ẹ̀yin ará Ashridden, mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ gbẹ́ orúkọ mi sára ilé gogoro wa, pé èmi Amos Yelland ni bíríkìlà tó sọ ọ́ di ọ̀tun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Dókítà ní kò sí ohun tí òun tún lè ṣe fún mi, ohun tí mo sì ti ń gbé pamọ́ ti rà sí mi nínú. Mi ò fẹ́ gbé e wọ sàréè.

Ẹ mọ irú ilé tó jẹ́. Olówó kan ló kọ́ ọ láyé àtijọ́, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni fẹ́ gbé ibẹ̀, àfi kó lè máa rí òrùlé ọ̀tá rẹ̀ lókèèrè, kó máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ilé ìranù ni. Àwọn alápàǹdẹ̀dẹ̀ nìkan ló rí i lò. Láti ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti ń fò wá lọ́dọọdún, inú ihò ara ògiri, níbi tí àwọn tó kọ́ ọ ti igi tí wọ́n ń dúró lé ṣiṣẹ́ bọ̀, ni wọ́n sì ń yé sí. Gbogbo bíríkìlà ìlú wa ló mọ̀ pé ènìyàn kì í fọwọ́ kan irú ihò bẹ́ẹ̀ títí ọmọ ẹyẹ á fi fò lọ.

Àmọ́ lọ́dún tá à ń tún un ṣe, Ọ̀gbẹ́ni Lethbridge, alága ìgbìmọ̀ àtúnṣe náà, ti mú ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí i. Ó ní, “Amos, ìgbà wo lẹ máa parí? Mo ti pe àwọn èèyàn ńlá.”

“Àwọn ẹyẹ ṣì wà nínú ihò, sà.”

“Ṣé ẹyẹ ló gbà ẹ́ síṣẹ́ ni? Dí i, jàre. Ta ló máa gòkè lọ wò ó?”

Clem Luxton, tá a jọ ń ṣiṣẹ́ láti kékeré, kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, “Èmi ò ní dí ihò tí nǹkan ń mí nínú ẹ̀. Kó bínú bó ṣe fẹ́.” Ó bọ́ sílẹ̀, ó lọ jẹun.

Èmi dúró. Bí mo ṣe sún mọ́ ihò, àwọn ọmọ ẹyẹ la ẹnu sí mi, wọ́n rò pé oúnjẹ ni mo gbé wá. Mo ti òkúta bọ̀ ọ́, mo fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀ sí àwọn ihò yòókù. Mò ń súfèé kí n má baà gbọ́ igbe wọn. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ: mò ń súfèé. Ara mi ń rí mi lára bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Ìyáàfin Hester Tapscott, tó máa ń jókòó wo àwọn ẹyẹ náà, ló rí àwọn ìyá wọn tí wọ́n ń fi orí gbá ògiri, tí wọ́n ń já bọ́. Nígbà tí ìlú pé jọ sílé ọtí, ó ní, “Kí ẹni tó ṣe é wò mí lójú.”

Lethbridge tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀. Èmi ni mo lanu. Mo ní, “Ẹ bi Clem. Òun ló ń ṣiṣẹ́ lápá ibẹ̀.”

Clem ò pariwo. Ó ní, “Amos, o mọ̀ pé mi ò ṣe é. Sọ fún wọn.”

Mo gbé ife bíà mi, mo mu ún tán.

Láti ọjọ́ náà, Apẹyẹ ni wọ́n ń pè é. Kò rí ògiri mọ mọ́ ní gbogbo agbègbè yìí. Ibi tí wọ́n ti ń ṣa ọ̀dùnkún ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi kú, èmi sì lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, mo bá wọn gbé pósí. Mo tún sunkún, alágàbàgebè tí mo jẹ́.

Nan, ọmọ Clem ni ọ́, ìwọ náà lò ń wẹ̀ mí, tí ò ń fi ṣíbí bọ́ mi. O máa ń sọ pé èmi nìkan ni ọ̀rẹ́ tí bàbá rẹ ní. Jọ̀wọ́, foríjì mí bí o bá lè ṣe é. Ṣùgbọ́n bí o kò bá wá lọ́la, mi ò ní bi ẹnikẹ́ni pé kí ló dé.