Èmi Nìkan Nínú Yàrá Àṣẹ́kù

Ẹ bá mi gbé Jésù ga! Ẹ tún gbé e ga díẹ̀ sí i, ibi tí ẹ gbé e dé yẹn ò tíì kan òrùlé.

Ẹ̀yin ará, púráímárì fọ́ọ̀ ni èmi Bàbá Aláta ti sá kúrò nílé ìwé, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ti fi inú kọ̀ǹpútà hàn mí.

Nígbà tí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa ń forúkọ wa sílẹ̀, mo gbọ́ pé àgbà ni yóò kọ́kọ́ gba ajílẹ̀. Wọ́n bi mí ní ọdún tí wọ́n bí mi, mo ní kí wọ́n kọ 1800. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Wọ́n kọ ọ́.

Ìgbà tí wọ́n wá ti bọ́dà pa, ẹni tó bá wà nínú ìwé ẹgbẹ́ nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kó gbé ẹrù oko kọjá láti Ayétòrò lọ sí Ìlaròó. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ tó kó gbogbo ata rodo mi, iṣẹ́ ọdún kan gbáko, dúró níwájú sójà. Oòrùn ń jó. Ata ti ń ṣomi.

Sójà ní, "Bàbá, ìrẹsì lẹ kó sábẹ́ ata yìí. Kí lorúkọ yín? Ọdún wo ni wọ́n bí yín?"

Ìbọn rẹ̀ ni mo wò tí òótọ́ fi bọ́ lẹ́nu mi: 1948. Ó wá mi nínú ìwé ẹgbẹ́ tó wà lórí fóònù rẹ̀. "Ẹ ò sí níbí."

Há! Mo gbàdúrà débi pé ewúrẹ́ tó ń kọjá dúró, ó ṣe àmín. Ẹ̀mí bá ní kí n pe Sísítà Bọ́sẹ̀, ẹni tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ wa.

"Bọ́sẹ̀, ọmọ mi, wọ́n ní n kò sí."

"Bàbá, ọdún wo lẹ sọ fún wọn?"

"1948."

"Ṣé òun náà lẹ sọ níjọ́sí?"

Gbogbo ọkọ̀ tó tò sẹ́yìn mi ló na etí. Mo ní, "1800 ni."

Bọ́sẹ̀ lọgun! Ó ní téébù, ìyẹn ìwé inú kọ̀ǹpútà tí orúkọ wa wà, gùn ju ohun tí ẹnì kan lè kà tán láyé rẹ̀ lọ, ni wọ́n fi là á sí yàrá yàrá, ọdún kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú yàrá tirẹ̀. Tí ẹ bá ti ní 1948, kọ̀ǹpútà ò ní yọjú sí yàrá mìíràn. Ohun tó fi ń yára nìyẹn. Ẹni tí ọdún rẹ̀ ò bá ní yàrá, yàrá àṣẹ́kù ni wọ́n ń jù ú sí.

"Bàbá, ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀! Mo rò pé ìdọ̀tí ni. Ọwọ́ mi ti wà lórí bọ́tìnnì tí mo fẹ́ fi wó yàrá náà."

Ẹ̀yin ará, orí mi wú. Èmi nìkan nínú yàrá, katakata ti dé ẹnu ọ̀nà! Áńgẹ́lì wo ló di ọwọ́ ọmọbìnrin yẹn mú?

Ó gbé mi lọ sí yàrá 1948. Sójà tún tẹ fóònù. N kò tíì ṣẹ́jú tí àwòrán mi fi yọ láàárín gbogbo èrò yẹn, mo ń dán bí ọkọ ìyàwó. Sójà ní, "Ẹni igba ọdún, ẹ máa lọ. Ẹ bá mi kí Nóà."

Ata yẹn ló wà nínú ọbẹ̀ ìkórè tí a jẹ lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá. Ẹni tí ahọ́n rẹ̀ bá ṣì ń ta á, kó pariwo Halelúyà! Ọlọ́run tó mọ yàrá tí mo wà, kò ní jẹ́ kí wọ́n wá ẹ̀yin náà tì.

Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú bírò. Ìwé ìjọ wa náà… 1800 ni mo sọ fún yín.