Ta Ló Gbé Ìkòkò Tùràrí Wọ Àgọ́?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kọrin. Ẹ̀yin náà rí i pé n kò wọ sùtánà lónìí. Aṣọ yẹn kò tọ́ sí mi mọ́. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun láti ọdún mẹ́ta, bí n kò bá sì bì í níwájú pẹpẹ yìí, yóò pa mí. Gbogbo yín ń pè mí ní Màmá Aríran. Èmi Fẹ̀hìntọlá, ìran tí mo sọ fún yín lórí ọ̀rọ̀ ọmọ Morákinyọ̀, irọ́ ni.

Ẹ rántí ọdún tí a lọ gba àdúrà ọlọ́jọ́ mẹ́ta nínú igbó ìjọba yẹn, lẹ́bàá adágún omi. Kò síná mànàmáná níbẹ̀, ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń pọn, ilé ìgbẹ́ sì jìnnà débi pé Bàbá Akínrẹ̀mí, olùṣọ́ wa, ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí ẹni tó bá fẹ́ lọ di ẹrù. Síbẹ̀, inú wa dùn, nítorí ní Barking níbí, nílùú òyìnbó, ta ló fẹ́ fi aṣọ funfun wọnú omi káwọn èèyàn má pe ọlọ́pàá? Catherine, obìnrin tó ń mójú tó igbó náà, kó wa jọ bí a ti dé. Ó ní a lè dáná níta, ṣùgbọ́n èédú tó ń jó kò gbọdọ̀ wọ inú àgọ́, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń tara rẹ̀ jáde, tí ojú kì í rí, a máa pa èèyàn sójú oorun. Ta ló túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún àwọn àgbà? Èmi ni. Ẹnu mi yìí náà ni.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, òjò dé, òtútù sì mú. Màmá Morákinyọ̀ tẹ́ ọmọ-ọmọ wọn, Èyítáyọ̀, sílẹ̀ nínú àgọ́ wọn. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà náà. Ó sùn lọ, Màmá sì ní àwọn fẹ́ jókòó tì í. Èmi ni mo ní kí wọ́n máa lọ sétí omi, pé áńgẹ́lì wà tí yóò ṣọ́ ọmọ. Wọ́n gbọ́ tèmi, wọ́n lọ. Mo gbé ìkòkò tùràrí dání, èédú ń pọ́n nínú rẹ̀, òjò sì ń kán sí i. Bó bá kú, ibo ni n ó ti rí iná mìíràn fún ìsìn ìrọ̀lẹ́? Mo ṣí àgọ́ Màmá, mo gbé ìkòkò náà síbi ẹsẹ̀ ọmọ, mo fa síìpù pa. Mo rántí ìkìlọ̀ Catherine o. Ẹ má jẹ́ kí n tún parọ́. Mo rántí rẹ̀, mo sì ní tùràrí ni, nǹkan Ọlọ́run ni, kò lè ṣe ọmọ Ọlọ́run ní nǹkan.

A kọrin, a jó, mo gbàgbé. Màmá ló kọ́kọ́ padà. Wọ́n bá ọmọ, kò mira. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi gbé ìkòkò gbígbóná náà síta kí wọ́n lè fa ọmọ jáde, ibi tí ìkòkò ti wà lọ́wọ́ wọn ni Morákinyọ̀, ọmọ wọn, ti bá wọn. Àńbúláǹsì pẹ́ kó tó rí ọ̀nà inú igbó. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ọmọ lò ní ọsibítù. Ọpẹ́ ni, ó yè, ṣùgbọ́n títí dòní orí ń fọ́ ọ, àwọn lẹ́tà tó ti mọ̀ dáadáa sì ti ṣòro fún un.

Gbogbo ìjọ ń bèèrè ẹni tó gbé iná wọlé. Ẹ̀rù bà mí. Iṣẹ́ ọmọ títọ́jú ni mò ń ṣe jẹun ní Dagenham. Bí ìjọba bá gbọ́, ìwé àṣẹ mi lọ nìyẹn. Bàbá Akínrẹ̀mí ní kí n fi ojú ẹ̀mí wò ó. Mo bo ojú, mo gbọ̀n pẹ̀pẹ̀, mo ní mo rí ọwọ́ àgbà tó jóná, tó di ìkòkò mú. Gbogbo yín yíjú sí ọwọ́ Màmá tí wọ́n fi báńdéèjì wé. N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó dárúkọ sàn jù mí lọ.

Èyí tó burú jù ń bọ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, Màmá ní kí n wá bá àwọn ní páàkì Mayesbrook. Ẹ mọ̀ pé ìgbàgbé ti ń mú wọn díẹ̀díẹ̀ nígbà náà, kọ́kọ́rọ́ ilé wọn ń sùn nínú fíríìjì. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Fẹ̀hìntọlá, ìwọ tí Ọlọ́run ń fi nǹkan hàn, ṣé èmi ni? Mi ò rántí pé mo gbé e wọlé. Bó o bá ní èmi kọ́, mo gbà." Ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n ń wá lẹ́nu mi. Mo wo ojú wọn, mo ní, "Ẹ̀yin ni, Mà. Ẹ ti gbàgbé ni." Wọ́n mi orí. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo sọ òótọ́ fún àwọn.

Morákinyọ̀ àti Wúrà, ìyàwó rẹ̀, kó lọ sí Beam Park, wọ́n ní kí Màmá má débẹ̀ mọ́. Èmi yìí náà ni mo lọ gbàdúrà sí ilé tuntun ọ̀hún. Mo jẹ ìrẹsì, mo jẹ ẹran, mo tún gbé èyí tó kù lọ sílé. Ojú ò tì mí. Màmá dá wà ní Longbridge, wọ́n ń dá sọ̀rọ̀, títí ìjọba fi gbé wọn lọ sí ilé ìtọ́jú àgbà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ara mi ò gbà á mọ́, mo lọ bá wọn. Wọn ò mọ̀ mí mọ́. Wọ́n ti gbàgbé orúkọ ọkọ wọn. Ṣùgbọ́n gbogbo nọ́ọ̀sì tó bá kọjá ni wọ́n ń na ọwọ́ tó jóná náà sí, pé àwọn làwọn gbé iná wọlé, kí wọ́n bá àwọn bẹ ọmọ náà. Mo kúnlẹ̀. Mo ní irọ́ ni, èmi Fẹ̀hìntọlá ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ ọ́. Wọ́n fi ọwọ́ pa mí lórí bí ọmọdé, wọ́n ní, "Má parọ́ nítorí mi, ọmọ mi. Aríran kan tó mọ Ọlọ́run ti sọ fún mi." Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń tọrọ ẹ̀bùn ìran, bí ẹ ò bá rí nǹkan kan, ẹ ní ẹ ò rí nǹkan kan. Morákinyọ̀, àbúrò mi, mo rí ọ níbi tó o jókòó sí. Bó o bá fẹ́ pe ọlọ́pàá, pè wọ́n, n kò ní sá. N kò ní kí o dárí jì mí lónìí. Mo kàn bẹ̀ ọ́, mú Èyítáyọ̀ lọ́wọ́, kí ẹ lọ bá ìyá rẹ. Wọn kò ní mọ̀ ọ́. Jẹ́ kí ọmọ náà di ọwọ́ tó jóná yẹn mú, kó ní, "Màmá Àgbà, ẹ̀yin kọ́." Tèmi, wọn ò gbà á. Mo pe ibẹ̀ láàárọ̀ yìí, wọ́n ní láti Ọjọ́bọ̀ ni Màmá kò ti jẹ nǹkan kan. Mo ti pe takisí tí yóò gbé yín lọ, ó wà níta.