Omi Tí Mo Fún Alhaja Mu

Mo parọ́ fún ọ̀gá mi, mo sì fún arúgbó ní omi tí mi ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ mu. Dókítà ní òun ò rí nǹkan kan lára Alhaja, pé ká ṣì máa ṣọ́ ọ. Bó bá wúkọ́, àyà mi á já. Bó bá dákẹ́, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi tí mo máa ń bá gbogbo ọmọ àdúgbò wa, Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, wí nítorí irọ́!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, lẹ́yìn tí mo tọ́ ọmọ tán ni mo tó padà sí sùkúù, títí mo fi dé yunifásítì. Ìwádìí tí wọ́n gbé fún mi ni pé kí n sun èèpo àgbọn di èédú, kí n sọ ọ́ di lẹ́búlẹ́bú tí ojú lásán ò lè rí hóró rẹ̀ kan. Nano ni wọ́n ń pe irú ẹ̀. Bí a bá dà á sínú omi aró, tí oòrùn sì ràn sí i, ó yẹ kó mú kí aró náà tètè fọ́ dànù, kí èédú fúnra rẹ̀ má sì tán. Inú mi dùn sí iṣẹ́ náà, nítorí àwọn tó ń pa aṣọ láró lẹ́yìn ilé wa ti ba kànga wa jẹ́.

Omi aró tí mo da èédú sí, tí mo gbé sí oòrùn, mọ́ kedere. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ gbé irú rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣókùnkùn, ká fi wéra; níwọ̀n bí kò ti sí oòrùn níbẹ̀, kò yẹ kó mọ́. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, èyí náà ti mọ́! A jẹ́ pé èédú mi ò fọ́ aró kankan, ó kàn fà á mọ́ra ni. Ọ̀gá mi, tí mo lè bí lọ́mọ, yọjú.

"Mọ́mì, ti inú òkùnkùn ńkọ́?"

"Kò yí padà, sà." Mo ti dà á nù.

"Ẹ ti gbà á nìyẹn! Ẹ máa tó gba àga mi."

Kí ló sún mi parọ́? Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má sọ pé orí àgbà ò gbàwé mọ́.

Nílé wa, àgbà ló máa ń kọ́kọ́ tọ́ omi kànga wò bí a bá tún un ṣe. Mo da èédú sínú àgbá omi kànga wa kan, mo fi aṣọ sẹ́ ẹ, ó mọ́ lójú, mo bù ú fún Alhaja, ìyá àgbà ilé wa. Ó rẹ́rìn-ín.

"Bó bá pa mí, ìwọ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì lo máa bá mi gba ààwẹ̀ tó kù o!"

Ó mu ún tán, ó tún ní kí n bù sí i.

Lọ́jọ́ kejì, ní yunifásítì, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí díẹ̀ tí mo rọ sínú ìgò nínú omi náà. Ìmọ́lẹ̀ náà là tààrà nínú omi, bí ìgbà tí oòrùn bá wọ yàrá eléruku. Èédú ti gba inú aṣọ kọjá, tòun ti aró tó fà mọ́ra! Mo sáré wọkọ̀ délé. Alhaja di inú mú. Àwọn ará ilé sì ti tò pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì, wọ́n ń dúró dè mí kí n bu omi náà fún wọn. Ta ni ì bá mọ̀ bí mo bá dákẹ́?

Mo kúnlẹ̀ láàárín àgbàlá, lójú gbogbo wọn.

"Ẹ má bu omi yìí o. Irọ́ ni mo pa nípa rẹ̀, mo sì ti pe ọ̀gá mi, mo ti jẹ́wọ́ fún un. Èédú wà nínú rẹ̀, aró wà nínú rẹ̀, mi ò sì mọ ohun tó lè ṣe lára èèyàn. Alhaja, ẹ foríjì mí. Èmi ni mo fún yín mu. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ sọ́sibítù."